Fíìmù tó le ju ojú lọ: kí la lè ṣe ṣáájú rẹ̀, lásìkò rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀?

Alága_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá fẹ́ jọ wo fíìmù kan nínú gbọ̀ngàn lọ́sẹ̀ méjì sí i, èèyàn bí ogójì. Ìjínigbé ni fíìmù náà dá lé. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fìyà jẹ èèyàn níbẹ̀, ọmọdé kan sì sunkún fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo wa, a ò fẹ́ pa á tì. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ara àwọn kan á máa gbọ̀n, òòyì á kọ́ àwọn kan, àwọn kan ò sì ní rí oorun sùn tílẹ̀ bá ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìlera, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. “Ẹ mọ́kàn le” nìkan kò tó wa.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtu

Ẹ kú iṣẹ́ o, Alága. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún wọn ni pé kò sí ojo nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọpọlọ mọ̀ pé fíìmù ni, ara ni kò tíì mọ̀. Ojú rí ọ̀bẹ, etí gbọ́ igbe, ara ti gbára dì kí ọpọlọ tó sọ fún un pé eré ni. Ìdí nìyẹn tí àyà fi ń já, tí ọwọ́ ń tutù, tí ẹnu ń gbẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo èèyàn, ibẹ̀ la ti ń ṣì í. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń kọ́ lóòyì yàtọ̀ sí ẹni tí kámẹ́rà tó ń mì ń mú bì. Ẹni tí àwòrán ń padà wá bá lóru yàtọ̀ sí ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ohun tó máa ran ọ̀kan lọ́wọ́ lè pa èkejì lára.

Ẹ jẹ́ n mú ti ẹ̀jẹ̀, torí òun ló ń gbé èèyàn ṣubú. Nínú ìbẹ̀rù yòókù, ọkàn á máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á ga, èèyàn kì í sábà dákú. Ti ẹ̀jẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfúnpá á kọ́kọ́ ga, á tún já wálẹ̀ lójijì, ọkàn á dẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sórí á dín kù, ilẹ̀ ló kàn. Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé, nítorí náà ẹ bi wọ́n léèrè ṣáájú: ta ni ó máa ń dákú níbi abẹ́rẹ́, tàbí tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ máa ń dákú níbẹ̀? Àmì tó ń ṣáájú ni òógùn tútù, kéèyàn máa yán léraléra láìsí oorun, kí etí máa hó, kí ojú máa ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́, kí ètè ṣì.

Ẹ má sọ fún ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó tú ara sílẹ̀. Ìfúnpá tó ń já wálẹ̀, títú ara sílẹ̀ á tún fà á wálẹ̀ sí i ni. Kó mú ara le ni ẹ máa sọ. Kó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, kó mú apá, ikùn àti itan le bí ẹni tó fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà kúrò nílẹ̀, kó dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, títí ojú á fi bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Kó wá dẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30. Kì í ṣe kó rọ jọwọrọ o, kó kàn padà sí bó ṣe jókòó tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni kó ṣe é. Onímọ̀ ará Sweden kan, Lars-Göran Öst, ló là á kalẹ̀ fáwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń bà lẹ́rù. Kí ẹni tó mọ ara rẹ̀ fi kọ́ra nílé fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí téèyàn bá dúró dìgbà tí ojú ń ṣú kó tó kọ́ ọ, kò ní rántí. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, àti aláboyún, kí wọ́n bi dókítà wọn ná.

Ebi àti ooru máa ń dá kún un. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mu omi kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, kó dúró dìgbà tó bá ṣínu.

Adé_Challenge

Ẹ kú làákàyè, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Bó bá wá dákú lóòótọ́ ńkọ́? Omi la máa ń dà lé e, tí a ó sì rọ díẹ̀ sí i lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtu

Bọ̀ọ̀dá Adé, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu rárá. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé omi mì, ẹ̀dọ̀fóró ni omi yẹn máa gbà lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé orí àga tàbí àpò, kó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ tú ọrùn ẹ̀wù, gèlè tàbí bẹ́líìtì. Kí èèyàn méjì péré dúró tì í, kí àwọn yòókù sún sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Àṣìṣe tó burú jù ni kí wọ́n gbé e dìde kí wọ́n sì dì í mú lóòró: orí ti wà lókè nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní rí ọ̀nà dé ibẹ̀.

Ó yẹ kó lajú kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Bó bá là á, kó ṣì wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kó jókòó díẹ̀, kó tó dìde. Bí kò bá lajú, bó bá forí gbálẹ̀, bó bá ní àyà ń dun òun, tàbí tó jẹ́ aláboyún, ẹ dá fíìmù dúró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Atohùn_Agbowó

Ẹ jẹ́ n fi ti etí kún un, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ojú ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, á di ojú, á wá ṣí etí sílẹ̀ gbayawu. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ìró la fi ń sọ ohun tí a ò lè fi hàn nínú fíìmù. Ojú ti pa dé, ìró ọ̀bẹ ń wọlé, ọpọlọ á wá ya àwòrán tirẹ̀, èyí tó bá sì yà máa ń burú ju èyí tó wà níwájú lọ. Bó bá le, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ dí.

Ó dáa kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é pẹ̀lú. Nínú Psycho tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1960, níbi tí wọ́n ti gún obìnrin nínú ilé ìwẹ̀, omi ṣokoléètì ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, torí dúdú àti funfun ni fíìmù náà. Èso bàrà ni wọ́n ń gún lọ́bẹ kí wọ́n tó rí ìró ẹran ara. Ohùn tó ń han gooro létí, fayolíìnì àtàwọn ohun èlò olókùn ni. Egungun tó ń ṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, ewébẹ̀ celery tútù ni ẹnì kan ń ṣẹ́ níwájú makirofóònù. Bí ẹ bá fẹ́ kó dá wọn lójú, kí ẹni tó ń wò ó nílé pa ohùn rẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 níbi tó le jù. Á rí i pé ohun tó ń wò di èèyàn méjì tó ń ju apá káàkiri.

Ní ti gbọ̀ngàn yín, Alága, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni wíwọn ohùn pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Nínú fíìmù, ọ̀rọ̀ máa ń wálẹ̀, igbe àti ìbọn máa ń ga. Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má dún dáadáa, ẹ ó yí i sókè, ìṣẹ́jú méjì sí i, igbe á bú jáde, gbogbo èèyàn á ta gìrì. Ẹ wá ibi tó pariwo jù nínú fíìmù náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọn ohùn, kí ẹ sì ṣí àkọlé ìsàlẹ̀ kí ojú lè bá etí gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kù. Ẹ yí báàsì orí áńpù wálẹ̀ díẹ̀. Báàsì tó ń gbọ̀n lábẹ́ àga, etí lè má kà á sí, ṣùgbọ́n ara ń gbọ́ ọ, àyà á máa já láìrí ohun tó fà á. Kí spíkà má sún mọ́ àga ẹnikẹ́ni ju mítà mẹ́ta lọ.

Fún ẹni tó ń dá wò ó lórí fóònù lóru: ẹ yọ earpiece kúrò létí. Igbe tó wà nínú agbárí kì í ṣe ẹgbẹ́ igbe tó wà nínú yàrá.

Onísinimá_Ring_Road

Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá Atohùn, ọ̀rọ̀ spíkà yẹn ṣe pàtàkì gan-an.

Alága, ẹ kọ́kọ́ fúnra yín wo fíìmù náà tán pẹ̀lú bírò àti ìwé lọ́wọ́. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ohun tó le bẹ̀rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó parí, kẹ́ ẹ sì kọ irú ohun tó jẹ́: “38 sí 42, ọmọdé ń sunkún, wọ́n dè é lọ́wọ́, 61, ẹ̀jẹ̀ ní orí, 74, wọ́n fẹ́ fipá bá obìnrin lò, a ò rí i, a gbọ́ ọ.” Ẹ lẹ ìwé yẹn mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì kà á sókè kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Kò ba ìtàn jẹ́, torí ẹ ò sọ ẹni tó kú. Ẹni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀ á ti múra, ó sì lè jáde lọ gba afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú 37, kó padà ní 43. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Does the Dog Die, níbi táwọn òǹwòran ti ń tọ́ka sí irú nǹkan báwọ̀nyí nínú fíìmù. Fíìmù ilẹ̀ wa kò pọ̀ tó níbẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e pátápátá.

Ẹ má sì fi orúkọ fíìmù mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. October 1 tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2014, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ á rò pé ọ̀rọ̀ òmìnira nìkan ni. Ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Kí wọ́n jáde síta kí wọ́n bá oòrùn, kí wọ́n bá ìyá oníbọ̀ọ̀lì, kí wọ́n bá mọ́tò tó ń pe Dùgbẹ̀, yàtọ̀ gan-an sí kí wọ́n jáde bọ́ sínú òkùnkùn. Ẹ má pa gbogbo iná. Ẹ fi gílóòbù kékeré kan sílẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí ojú lè máa rí ògiri àti ojú èèyàn. Ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ tó mítà kan sí àárín àga, kí ẹni tó fẹ́ jáde má baà máa bẹ èèyàn mẹ́jọ kó tó kọjá. Ẹ má ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ NEPA: kí iná lọ lọ́gangan ibi tó le jù, ìyà ni fún òǹwòran, torí àwòrán tó rí kẹ́yìn lá máa bá a lọ sílé. Ẹ bu epo sí jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án dúró sítòsí. Bí kò bá sì ṣeé tún tàn, ẹ dìde dúró, kí ẹ fẹnu sọ bí ìtàn náà ṣe parí fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ láìgbọ́ ọ.

Kámẹ́rà tó ń mì: ẹni tí èébì máa ń gbé nínú mọ́tò, fíìmù tí wọ́n gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ sá kiri lè mú un bì. Ẹ̀yìn pátápátá ni kó jókòó. Bí inú bá ń rú u, kó tẹjú mọ́ ògiri tàbí etí aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀, kì í ṣe àárín rẹ̀, títí inú á fi rọlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtu

Ẹ fi iná tó ń ṣẹ́jú sí ìwé ẹnu ọ̀nà náà. Iná tó ń tàn tó ń kú ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè gbé wárápá dìde lára àwọn díẹ̀ tí iná ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ní December 1997 ní Japan, apá kan eré ọmọdé Pokémon gbé ọmọ tó lé ní 600 dé ilé ìwòsàn nítorí iná pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú. Ẹni tó bá mọ̀ pé ó ń ṣe òun, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan pátápátá, kó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pípa ojú méjèèjì dé kò tó, iná ń gba ìpéǹpéjú kọjá.

Bó bá gbé ẹnikẹ́ni, ẹ má sá fún un. Ìfófòó ẹnu rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ kó àga kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fi nǹkan tó rọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, bó bá ti ń rọlẹ̀ kẹ́ ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ni.

Ìyá_Ìbejì_Apáta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ rere, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọdé ńkọ́? Mo mọ̀ pé Alága á sọ pé àgbà nìkan ni, ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan á gbé ọmọ wá dandan.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ nílùú wa yìí ní 1959, ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀, àgbà sì wà níbẹ̀. Lónìí abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù wà. Àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, máa ń fi àmì sí i: G fún gbogbo èèyàn, PG kí òbí wà níbẹ̀, 12, 12A, 15, 18, àti RE tó jẹ́ ti ibi àkànṣe nìkan. Ẹ wá àmì yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ọmọ ń wò lórí YouTube kò ní in, ẹ̀yin lẹ máa fojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ tí kò tíì pé bí ọdún 7, ohun tó rí ló ń bà á lẹ́rù: ojú tó pupa, eyín tó gùn, ẹni tó ń yí padà di ẹranko. Ẹ lè ṣàlàyé fún un títí di ọ̀la pé eré ni, kò ní wọ̀ ọ́ létí. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ fún un lómi, ẹ fún un ní nǹkan jẹ, ẹ tan iná, ẹ sùn tì í. Ọmọ tó ti tó 9 tàbí 10, òun mọ̀ pé iwin kò sí, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ló ń bà á lẹ́rù: olè, ìjínigbé, kí ìyá kú. Òun ni àlàyé ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe nílé kí irú ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀: géètì tí ẹ ń tì, nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí, ẹni tó lè bá lọ sílé àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ẹ má purọ́ pé kò sí ajínigbé láyé. Ó ti gbọ́ ọ nínú rédíò.

Ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ fíìmù ń dà láàmú ni kí ẹ jọ ṣe ẹ̀jẹ̀ náà ní kíṣìnnì. Ṣúgà ife 2, omi ife 1, àgbà ni kó sè é, torí ṣúgà gbígbóná máa ń bó ara. Kó hó fún bí ìṣẹ́jú 5, kó tutù pátápátá. Ẹ kán àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i, ṣíbí kékeré 1. Ní báyìí á dà bí sóbò, ọmọ á sì sọ fún yín pé kò jọ ọ́. Ẹ wá bu kòkó lúbúlúbú sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó. Ojú ọmọ náà lá ṣe rí i tí sóbò á di ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi kùn ún lọ́wọ́, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ nù. Ẹ wọ aṣọ tó ti gbó, torí kì í fọ̀ kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀.

Onímọ̀_Ìrònú_Bódìjà

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun fún àpèjúwe yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rojọ́ rẹ̀ ni àwòrán tó ń padà wá. Èèyàn ń gé ata rodo lọ́wọ́, ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú fíìmù á kàn yọ sí i lójú. Kò pè é, ó ṣáà wá. Ohun tí kálukú sì máa ń ṣe ni kó máa lé e, lílé yẹn ló ń mú un le sí i. Ẹ sọ fún ara yín pé ẹ ò ní ro ewúrẹ́ funfun fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wò ó. Bí àwòrán bá dé, ẹ pe orúkọ rẹ̀: “ibi ọwọ́ nínú fíìmù ọjọ́ Sátidé nìyẹn,” kẹ́ ẹ máa gé ata yín lọ.

Nǹkan kan wà tí a lè ṣe kí àwòrán náà má tilẹ̀ rí ibi rọ̀ mọ́. Ní 2009, onímọ̀ ìrònú kan, Emily Holmes, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford fi fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú tó tó ìṣẹ́jú 12 han àwọn èèyàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, apá kan jókòó lásán, apá kan ta Tetris, eré orí ẹ̀rọ tí a ti ń to bíríkì tó ń já bọ̀, fún ìṣẹ́jú 10. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ta Tetris kò rí àwòrán òjijì tó ti àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ọpọlọ ń lò láti fi tò àwòrán mọ́ ìrántí kò tóbi. Eré tó ń mú ojú yí bíríkì, tó ń wá ibi tó máa wọ̀, ti gba ibẹ̀ mọ́ àwòrán náà lọ́wọ́. Wọ́n tún un ṣe, ìwádìí náà jáde ní 2010, wọ́n fi ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn ọlọ́rọ̀ ẹnu wé e: ìyẹn kò ṣe iṣẹ́ náà rárá, ńṣe ni àwòrán òjijì pọ̀ sí i lára àwọn tó ṣe é. Nítorí náà, Alága, ẹ má ṣètò ìdíje ìbéèrè lẹ́yìn fíìmù. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé Tetris sórí fóònù kí wọ́n tó kúrò nílé.

Adé_Challenge

Ọ̀gá, ayò ọlọ́pọ́n ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo àgbà ló ní fóònù ńlá.

Onímọ̀_Ìrònú_Bódìjà

Tetris ni wọ́n dán wò, Bọ̀ọ̀dá Adé, òun ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹ ta ayò bí kò bá sí fóònù, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni níbi, ó sàn ju kéèyàn jókòó kó máa tún un rò lọ.

Ti àlá wá. Àlá tó ń tún ara rẹ̀ lá, tó ń jí èèyàn: ní ọ̀sán, kó kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ìwé kan ó tó. Kó wá yí i padà bó ṣe wù ú, níbikíbi: ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ṣí, ajínigbé náà di ọmọdé, aládùúgbò wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò dìgbà tó bá bọ́gbọ́n mu. Kó di ojú, kó wo àlá tuntun yẹn lójú ọkàn fún ìṣẹ́jú 10 sí 20 lójoojúmọ́. Èyí tó yí padà ni kó máa wò, kì í ṣe èyí tó lá. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíkọ́ ọ lórí ibùsùn lóru, torí oorun kò ní wá. Òmíràn ni kí èèyàn padà lọ wo fíìmù náà lóru kó lè “borí” rẹ̀. Ẹ má mutí sùn nítorí ẹ̀ pẹ̀lú. Ọtí á mú oorun yá, á sì já a láàárín òru, ìgbà yẹn gan-an ni àlá pọ̀ jù.

Ààfáà_Ọjàaba

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ àlá yìí ló mú mi wọlé. Ẹni tó lá àlá burúkú lẹ́yìn fíìmù máa ń wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bá wá bá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi í ni: kí lo wò kóo tó sùn? Bó bá jẹ́ pé ẹni tó rí nínú fíìmù náà ló rí lójú àlá, ẹ má sọ fún un pé ọ̀tá ló ń bá jà, ẹ má sọ pé àǹtí rẹ̀ ló ń yí padà lóru. Àlá ọjọ́ mẹ́ta lásán á di ìjà ẹbí ọdún mẹ́wàá. Ẹ gbàdúrà fún un, àdúrà ń fi ọkàn balẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un kó ṣe bí Ọ̀gá Bódìjà ṣe là á sílẹ̀. Ìkan ò lé ìkan.

Onímọ̀_Ìrònú_Bódìjà

Ẹ ṣé púpọ̀, Ààfáà.

Èyí tó kù ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Nínú ogójì èèyàn, ẹ ṣe bí ẹni pé ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé tàbí ti rí ìfipábánilòpọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Fún ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe fíìmù ló ń wò mọ́, ọjọ́ yẹn ló padà sí. Ẹ máa rí i: ojú rẹ̀ á kọ́ síbì kan, kò ní ṣẹ́jú, ẹ pè é, kò dáhùn. Ẹ má fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn. Ẹ wá síwájú rẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ sọ ibi tó wà fún un: “Mọ́kọ́lá la wà, ọjọ́ Sátidé ni, ìwọ àti èmi ni.” Bó bá ti lè rìn, ẹ mú un jáde, kó ka nǹkan márùn-ún tó ń rí, mẹ́rin tó ń fọwọ́ kàn, mẹ́ta tó ń gbọ́, méjì tó ń gbóòórùn, ọ̀kan tó ń tọ́ wò. Àga onírọ́bà, ìró jẹnẹrétọ̀, òórùn bọ̀ọ̀lì, omi tútù, gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kó sọ ọ́ síta, kì í ṣe nínú.

Ẹ yan èèyàn méjì, obìnrin kan, ọkùnrin kan, tí kò ní wo fíìmù, tó jẹ́ àwọn òǹwòran ni wọ́n ń wò. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi ẹni tó jáde pé kí ló dé. Ìjíròrò lẹ́yìn fíìmù dára, ṣùgbọ́n ẹ má fa gbohùngbohùn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ pé kó sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á nawọ́. Fífi dandan mú èèyàn tún un sọ lọ́jọ́ náà gan-an lè mú un le fún un.

Oorun tó ṣe ségesège fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, á lọ. Bó bá lé ní oṣù kan tàbí tí kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ kó sì jẹun, UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Orítamẹ́fà, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú ẹ̀. Bó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Adé_Challenge

Kí n fi ti WhatsApp kún un, torí fídíò jàǹbá àti tàwọn tí wọ́n dáná sun máa ń wọlé láìkanlẹ̀kùn, kì í sì í ṣe eré. Ẹ lọ sí Settings, Storage and data, Media auto-download, kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò lára fídíò àti fọ́tò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tún lọ sí Chats, kẹ́ ẹ pa Media visibility, kó má baà yọ jáde nínú gálárì nígbà tí ọmọ bá ń wá fọ́tò ọjọ́ ìbí.

Alága_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ẹnu ọ̀nà náà. Ìbéèrè kan ló kù: ìṣẹ́jú 38 sí 42 yẹn, ibi tí ọmọ ti ń sunkún, ṣé kí a gé e kúrò ni, tàbí kí a rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀?

Atohùn_Agbowó

Ẹ má gé e, Alága. Ibẹ̀ ni ìtàn náà dúró lé, bẹ́ ẹ bá gé e wọn ò ní mọ ìdí tí ìyá náà fi ṣe ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rẹ ohùn náà sílẹ̀ sí ìdajì ní 38 gan-an, díẹ̀díẹ̀, kó má já bí ẹni gé e, kẹ́ ẹ gbé e padà ní 42. Ẹ fi ẹnì kan sídìí áńpù tó ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ọjọ́ náà, kó sì ní aago lọ́wọ́.